Ojú Òpó Àtẹ̀sílẹ̀ àti Òwò Kékeré ní Bàrígà

Ẹni tí ó bá ń rìn láti Bàrígà wọ Ṣómólú ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó tó rí ilé tí ẹ̀rọ náà wà. Ó ti pẹ́ tí gbogbo Èkó ti mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì, káàdì, àti páálí tí àwọn ọlọ́jà ń di ọjà wọn sí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ náà sì ní ìlànà kan tí ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ pàápàá mọ̀: ṣáájú kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ni gbogbo làálàá wà. Bí wọ́n bá ti to ọ̀rọ̀, tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ti ṣe pléètì rẹ̀, ẹ̀dà kìn-ín-ní kò yàtọ̀ sí ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún. Owó orí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ń dín kù bí iye ẹ̀dà ti ń pọ̀ sí i.

Ẹni tí ó bá ti lóye èyí ti lóye apá tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń sọ bí ẹni pé awo ni. Irú ojú òpó ayélujára kan wà tí wọ́n ń pè ní static. Orúkọ tí ó bá a mu jù ní Yorùbá ni ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀, nítorí bí ìwé tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ni ó rí. Èkejì rẹ̀ ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò pọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀, èyí tí a lè pè ní ojú òpó àtòlójúẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí lásán. Òun ni ó ń pinnu iye tí aránṣọ kan ní Bàrígà yóò máa san lọ́dọọdún, bí ojú òpó rẹ̀ yóò ti yá tó lórí fóònù oníbàárà, àti bóyá orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ìwòyí ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ni ó ti sanwó èkejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ìbá tó wọn. Àwọn mìíràn sì gbọ́ iye owó náà, wọ́n sì padà sẹ́yìn pátápátá.

Kí ni ojú òpó jẹ́ gan-an? Àkójọ fáìlì ni. Fáìlì kan gbé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ènìyàn kà, pẹ̀lú àwọn àmì tí ń sọ pé àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, àwòrán ni kí ó wà níhìn-ín. Ìlànà àwọn àmì wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní HTML. Fáìlì mìíràn, tí ìlànà tirẹ̀ ń jẹ́ CSS, ń sọ irú àwọ̀ tí yóò ní àti bí lẹ́tà yóò ti tóbi tó. Àwòrán kọ̀ọ̀kan náà ní fáìlì tirẹ̀. Gbogbo wọn wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn, tí ó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń pè ní sáfà. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ àdírẹ́sì ojú òpó sínú fóònù rẹ̀, ìbéèrè náà yóò lọ bá sáfà. Bí ó bá jẹ́ ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ ni, sáfà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó mú fáìlì náà bí ó ti wà, kí ó sì fi í ránṣẹ́. Ó dàbí ẹlẹ́kọ tí ó ti ro ẹ̀kọ rẹ̀ láti òru, tí ó sì ti fi ewé pọ́n ọn. Ẹni tí ó bá dé, ó mú, ó sanwó, ó lọ. Ogún ènìyàn lè dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò dúró pẹ́.

Ti àtòlójúẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òun dàbí alámàlà tí kò ní rokà sílẹ̀. Oníbàárà dé, ó béèrè irú ọbẹ̀ tí ó fẹ́ àti iye ẹran tí yóò jẹ. Ẹ̀yìn èyí ni omi yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sórí iná. Bí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ sáfà irú èyí, sáfà yóò kọ́kọ́ mú ètò kan ṣiṣẹ́, ètò náà yóò lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, yóò ṣa ohun tí ó kan ẹni tí ó béèrè jáde, yóò tò ó pọ̀, kí ó tó fi í ránṣẹ́. Oúnjẹ gbígbóná dára, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe iṣẹ́ báńkì lọ́nà mìíràn: iye owó tí ó kù fún oníbàárà kan kò bá ti ẹlòmíràn mu, a kò sì lè tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ de gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Àkókà, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Bàrígà. Ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ máa jó ní gbogbo ìgbà, alásè gbọ́dọ̀ wà nítòsí, owó igi ìdáná sì ń lọ, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá jẹun tàbí kò wá.

Àṣìlóye kan wà tí ó yẹ kí a tètè mú kúrò. Àwọn kan rò pé ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ kò ṣeé yí padà mọ́ bí a bá ti gbé e jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ín lè tún fáìlì rẹ̀ kọ ní ọ̀sán, kí ó sì gbé e padà sí ààyè rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí ó bá wò ó lẹ́yìn náà yóò rí tuntun. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kí ó dá ara rẹ̀ yí padà nítorí ẹni tí ń wò ó. Àní, ètò kékeré lè wà nínú ojú ìwé náà tí fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀ yóò mú ṣiṣẹ́. Bí àpẹẹrẹ, oníṣẹ́ ìdìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkókà ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn lọ bá lè fi ibì kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ iye ojú ìwé rẹ̀ àti iye ẹ̀dà tí ó fẹ́, kí iye owó sì jáde lójú ẹsẹ̀. Sáfà kò mọ nǹkan kan nípa ìṣirò náà. Inú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti parí.

Bí a bá wo ìtàn, ti àtẹ̀sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Ojú òpó àkọ́kọ́ lágbàáyé, tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ilé iṣẹ́ ìwádìí CERN nítòsí Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, tí ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1991, àkójọ fáìlì tí a ti kọ sílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ọgbọ́n náà fún aráyé láìgba kọ́bọ̀. Ìgbà tí ó di 1995 ni Rasmus Lerdorf gbé PHP jáde, èdè tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń to ojú ìwé lójú ẹsẹ̀. Ní 2003 ni WordPress dé, tí ó lo PHP yìí, tí ó sì gbilẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun fẹ́ ojú òpó, WordPress ni wọn yóò gbé fún un, ìbáà ṣe ilé ìwé ìròyìn ńlá tàbí onídìrí oníṣọ́ọ̀bù kan. Àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ rẹ̀. Ní 2008, Tom Preston-Werner ṣe ètò kan tí ń jẹ́ Jekyll, tí í máa ń to gbogbo ojú ìwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tó gbé wọn jáde, gan-an bí òǹtẹ̀wé ti ń ṣe pléètì rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lónìí. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ní ọdún kan náà tí wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ó kó wá sí Bàrígà ní 1959, ẹ̀dà kan náà ni ó fún gbogbo òǹkàwé rẹ̀, wọ́n sì gbádùn rẹ̀.

Ohun tí ó kan oníbàárà jù lọ ni ìwúwo. Fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní Bàrígà kì í ṣe èyí tí ó lówó lórí jù, dátà sì ti gbówó lé: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún iye tí wọ́n ń gbà. Ìṣirò díẹ̀ yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ojú ìwé kan tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó tó, pẹ̀lú àwòrán mẹ́rin tí a ti sọ di kékeré bí ó ti yẹ, kò yẹ kí ó ju 300 kílóbáìtì lọ. Ojú òpó tí ó wọ́pọ̀ lágbàáyé lónìí ju mẹ́gábáìtì 2 lọ, nítorí àwòrán ńláńlá àti àwọn ètò tí ẹni tí ó ni ojú òpó kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ra gígábáìtì 1 lè ṣí ti àkọ́kọ́ ju ìgbà 3,000 lọ, kò sì ní lè ṣí èkejì ju 500 lọ. Oníbàárà kì í ṣe ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí ó pẹ́ kí ó tó ṣí, kò sì dúró dè é.

Ní ti òótọ́, jíjẹ́ àtẹ̀sílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń mú kí ojú òpó fúyẹ́. Ẹni tí ó bá gbé àwòrán mẹ́wàá tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sórí rẹ̀ láìsọ wọ́n di kékeré ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, ohun yòówù kí orúkọ ojú òpó náà máa jẹ́.

Nípa ti owó, nǹkan méjì ni a ń sanwó fún: ààyè tí fáìlì wà, àti orúkọ tí a fi ń pè é. Ààyè fún ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ kékeré kò wọ́n, nítorí sáfà kò ṣiṣẹ́ púpọ̀; àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń fi í fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà ní ìlànà. GitHub Pages, tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn, gba kí ojú òpó kan tó gígábáìtì 1, kí ohun tí ó sì ń fi ránṣẹ́ lóṣù tó nǹkan bí gígábáìtì 100. Lórí ojú ìwé 300 kílóbáìtì, èyí ju 300,000 ìgbà tí a ṣí i lọ, kò sì sí aránṣọ kan ní Bàrígà tí ó lè rí oníbàárà tó bẹ́ẹ̀ lóṣù. Síbẹ̀, GitHub sọ ọ́ gbangba nínú àdéhùn rẹ̀ pé àwọn kò gbé ààyè náà kalẹ̀ kí ènìyàn máa fi ṣòwò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka àdéhùn yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wà tí kò dí oníṣòwò lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a wá lọ. Àmì àgádágodo tí ń fi hàn pé ẹlòmíràn kò lè tẹ́tí sí ohun tí ń kọjá láàárín fóònù àti sáfà pàápàá kò ní owó lórí mọ́ láti ìgbà tí àjọ Let's Encrypt ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í tọrẹ ní 2015. Ẹni tí ó bá ń gba owó gọbọi nítorí rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré ní àlàyé láti ṣe.

Orúkọ ni ọ̀rọ̀ wà ní ìdí rẹ̀ jù lọ. Orúkọ tí ó parí sí .ng tàbí .com.ng wà lábẹ́ àjọ NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní 2005, àwọn aṣojú tí àjọ náà fọwọ́ sí ni wọ́n sì ń tà á fún ará ìlú. Kì í ṣe rírà pátápátá bí a ti ń ra ilẹ̀. Yíyá ni, a sì gbọ́dọ̀ máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí kí a san ti ọdún mélòó kan pọ̀. Bí a kò bá san án, orúkọ náà yóò padà sọ́jà, ẹlòmíràn yóò sì lè mú un. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni pé oníṣòwò yóò kó owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ ojú òpó náà. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwà èrú. Ó lè jẹ́ pé oníṣòwò kò ní ímeèlì, tàbí pé ó kánjú. Ṣùgbọ́n ó dàbí ìgbà tí bíríkìlà bá fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé ilẹ̀ tí wọ́n pè é wá kọ́lé sí. Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá lọ sí òkè òkun, tàbí tí ìjà bá dé, tàbí tí ó kàn gbàgbé láti san owó ọdún, orúkọ tí oníṣòwò ti kọ sára pátákó, sára káàdì àti sára ọkọ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ tàbí àwòrán, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníṣòwò yẹ kí ó bi oníṣẹ́ ni pé: orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé orúkọ náà, ímeèlì ta ni, ta ni yóò sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀? Èkejì ni pé kí oníṣẹ́ kó gbogbo fáìlì fún un. Níhìn-ín ni ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ ti ní ọlá ńlá: gbogbo rẹ̀ lè wọ inú fóònù tàbí fláàṣì kékeré kan, a sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí kan. Ti àtòlójúẹsẹ̀ dà bí igi tí ó ti ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó gbìn ín nìkan ni ó máa ń mọ bí a ti í wú u.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni oníṣòwò Bàrígà fẹ́ fi ojú òpó ṣe, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lórí WhatsApp, Instagram àti Facebook. Ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nǹkan tí ojú rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter kú lórí fóònù àwọn ọmọ Nàìjíríà nítorí àṣẹ ìjọba àpapọ̀, kò sì padà títí di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Oṣù méje ni àwọn tí ń polówó ọjà wọn níbẹ̀ fi wá ọ̀nà mìíràn. Láàárín àsìkò kan náà, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ilé onílé ni àwọn ààyè wọ̀nyí. Onílé lè ti ilẹ̀kùn, ó sì lè lé ayálégbé láìsọ ìdí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kò yẹ kí a wá sọ pé ojú òpó ẹni kò lè dákẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, tí MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 wà lára wọn, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì rọ ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ le fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà kan náà ni ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ ń fún gbogbo ènìyàn, ó rọrùn láti fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀pọ̀ ìlú, Èkó pẹ̀lú, kí oníbàárà tí ó wà ní Pẹ́dírò má ṣe nílò láti kọjá òkun kí ó tó mọ àkókò tí ṣọ́ọ̀bù kan ń ṣí ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olè náà wà níbẹ̀. Ojú òpó tí ó ń lo ètò àti ìwé àkọsílẹ̀ ní ilẹ̀kùn púpọ̀, àwọn ọ̀daràn sì ní ètò tí ń rìn káàkiri ayélujára láti wá èyí tí a ti gbàgbé láti tún ṣe. Ẹni tí kò lè san owó fún ẹni tí yóò máa ṣọ́ WordPress rẹ̀ lóṣooṣù kò yẹ kí ó ní ín. Àtẹ̀sílẹ̀ kò ní ju ilẹ̀kùn kan tàbí méjì lọ: ọ̀rọ̀ àṣírí ààyè, àti ti orúkọ.

Ta ni ó wá yẹ fún? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Oníṣẹ́ ìdìwé ní ẹ̀bá Àkókà, òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú, aránṣọ, asè-oúnjẹ-òde, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni, ẹni tí ń tún fìríìjì ṣe: ohun tí oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ wọn kì í yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Níbo ni ẹ wà? Kí ni ẹ ń ṣe? Èló ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti? Ìgbà wo ni ẹ ń ṣí? Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe dà? Ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọn. Ti òǹtẹ̀wé tilẹ̀ pọn dandan ju ti àwọn ìyókù lọ, nítorí oníbàárà rẹ̀ lè wà ní Ìbàdàn tàbí ní Cotonou, tí kò mọ Ṣómólú rí, tí ó sì fẹ́ mọ irú bébà àti ìwọ̀n páálí tí wọ́n ní kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́ja tí ó wà ní etí ọ̀sà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó sí ní Bàrígà, fi owó rẹ̀ pamọ́. Ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní àárọ̀ ni ó ń tà. Iye rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ kì í ṣe iye rẹ̀ ní agogo méjì, ẹja sì ti tán kí ẹnikẹ́ni tó tún fáìlì kọ. Àwòrán tí ó gbé sórí WhatsApp, tí yóò pòórá ní ọjọ́ kejì, bá òwò rẹ̀ mu ju ohunkóhun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà Ìlàjẹ, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń gbọ́ òórùn epo rẹ̀ láti inú yàrá. Ní apá kejì, ẹni tí ń ta àwọn ẹ̀yà ara fóònù bí ẹgbẹ̀rún méjì, tí ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó kù àti èyí tí ó tán, tí ó sì fẹ́ kí oníbàárà san owó tán níbẹ̀, ti kọjá ohun tí ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ nìkan lè gbé. Kí ó sanwó àtòlójúẹsẹ̀, kí ó sì wá ẹni tí yóò máa bójú tó o.

Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni àwọn kan wà tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà. Asè-oúnjẹ-òde kan lè fẹ́ gba owó àsansílẹ̀. Èyí kò sọ pé kí ó fi ojú òpó àtẹ̀sílẹ̀ sílẹ̀. Paystack, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, ní ojú ìwé ìsanwó tí oníṣòwò lè so mọ́ ojú òpó rẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo. Sáfà ti Paystack ni yóò ṣe iṣẹ́ líle náà. Ìlà mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa.me, tí nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e, yóò ṣí WhatsApp oníṣòwò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ti gbé ẹrù wíwúwo lé ẹni tí ọrùn rẹ̀ gbà á. Èrè kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í rò: nítorí pé ojú òpó náà kò gba orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni pamọ́, kò sí ìwé àkọsílẹ̀ oníbàárà tí olè lè jí kó níbẹ̀, ẹrù tí òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì gbé lé orí oníṣòwò yóò fúyẹ́ sí i.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí ojú ìwé náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbàgbé èyí tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Ní Bàrígà, nọ́ńbà ilé kò ran àlejò lọ́wọ́ tó ibùdókọ̀ àti ohun tí ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n kọ méjèèjì. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí CAC fún òwò náà bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọjọ́ tí wọ́n tún ojú ìwé náà ṣe kẹ́yìn hàn ní ìsàlẹ̀. Ojú òpó tí iye owó 2022 ṣì wà lórí rẹ̀ burú ju pé kí ó má sí lọ, nítorí ìjà ni oníbàárà yóò gbé dé ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù, ó sì kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí àwọn ni wọ́n lè kọ ọ́ bí ó ti tọ́. Gbogbo lẹ́tà wa ni ó wà nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà àgbáyé ń lò. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń kọ, àmì ohùn yóò sì tẹ̀ lé e. Fóònù tí irú lẹ́tà rẹ̀ kò dára máa ń gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Nítorí náà, orí fáìlì gbọ́dọ̀ sọ pé utf-8 ni a fi kọ ọ́, àti pé èdè rẹ̀ ni yo, àmì tí a fún Yorùbá nínú ìlànà àgbáyé. Ẹni tí ó kọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ yan irú lẹ́tà tí ó mọ àmì wa. Alágbẹ̀dẹ tí ó kọ ọ́ pé òun ń ta “oko” láìfi àmì sí i ti fi oníbàárà sílẹ̀ láàárín ọkọ́, ọ̀kọ̀, ọkọ̀ àti oko. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá nǹkan lórí Google kì í tẹ àmì. “Bariga” àti “Shomolu” ni wọn yóò kọ, bí ó ti wà lára pátákó ìjọba. Kí a kọ Bàrígà àti Ṣómólú sínú ọ̀rọ̀, kí a sì kọ ti ìjọba lẹ́ẹ̀kan nínú àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yá fóònù tí ó pọ́ jù lọ ní àdúgbò, kí wọ́n fi dátà ẹni tí ó ni ín ṣí ojú òpó náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó gbà kí nọ́ńbà fóònù oníṣòwò tó hàn.